Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Tó Ń Pe Àwọn Ọmọ Wa Kúrò Nídìí Àtẹ: Ta Ló Ń San Owó Rẹ̀?

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

 

Ìpàdé ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí ti ṣẹ̀. Lọ́jọ́ náà, a ti gba owó ẹgbẹ́ tán, a ti sọ̀rọ̀ gọ́tà tó dí lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn aláta, a fẹ́ máa gbàdúrà ìparí, ni ìyá kan nínú àwọn ẹlẹ́ja bá dìde. Ó ní òun fẹ́ fẹjọ́ sùn. A rò pé ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ni. Ó ní rárá o, ọmọ òun ni. Ọmọ náà jẹ́ ọmọkùnrin ọdún 13, ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń bá ìyá rẹ̀ họ ìpẹ́ ẹja. Ìyá yìí ní bí aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé bá ti lù báyìí, tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá, tí ọwọ́ kan kò tó, ẹ máa wá ọmọ náà tì. Ó kọ́kọ́ rò pé ilé tẹ́tẹ́ ló ń lọ. Nígbà tó yá, ẹ̀rù bà á pé ọ̀dọ̀ àwọn tí a kì í dárúkọ ló ń lọ, torí ẹ̀yin náà mọ àdúgbò wa. Ló bá tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan. Ọ̀bẹ ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ó gbàgbé láti gbé e sílẹ̀ ni.

Ibi tó bá ọmọ rẹ̀, inú ọgbà ilé kan ni. Àwọn ọmọ kún ibẹ̀ fọ́fọ́ lórí ẹní. Àwọn kan ń lu ìlù, àwọn kan ń kun ọ̀dà sórí páálí, ọmọ tirẹ̀ àti àwọn mẹ́rin mìíràn rọ̀gbà yí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan ká. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló ń kọ́ wọn. Wọn kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n rí ọ̀bẹ lọ́wọ́ ìyá, gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Bó ṣe sọ ìyẹn, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyá yìí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é. Mo gbọ́. Ta ló wá ń bá mi họ ẹja?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan ní ìlù lílù àti ijó jíjó kì í ṣe ẹ̀kọ́, pé ọmọ tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ló ń wá irú ìyẹn. Àwọn kan ní ó sàn kó máa lu ìlù ju kó máa lu ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Títí ilẹ̀ fi ń ṣú, a kò rí ojútùú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ wá ní kí akọ̀wé lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà kí a kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́. Ohun tí a rí nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùkọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe ní STEAM. Ẹni tó bá ń ṣe irun á rò pé èyí tí wọ́n fi ń mú irun rọ̀ ni. Kì í ṣe òun. Lẹ́tà márùn-ún ni wọ́n so pọ̀ ní èdè òyìnbó: sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ ẹnjiníà, iṣẹ́ ọnà àti ìṣirò. Tẹ́lẹ̀, mẹ́rin ni, iṣẹ́ ọnà kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n rí i pé ẹni tó mọ ìṣirò tí kò lè ro nǹkan tuntun kò ní lọ jìnnà ni wọ́n tó fi iṣẹ́ ọnà kún un.

Lójú tiwa, nǹkan tuntun kọ́ ni. Ẹ wo aláró. Àwa tí a bá àwọn ìyá àgbà gbé mọ̀ ọ́n. Wọ́n á gún ewé èlú, wọ́n á sọ ọ́ di ìṣù, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á sẹ́ omi eérú sínú ìkòkò, wọ́n á kó èlú náà sí i, wọ́n á dé e fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kà. Bí eérú bá pọ̀ jù, aró bàjẹ́. Bó bá kéré jù, aró kò mú aṣọ. Ẹni tó bá ti rì aṣọ bọ ìkòkò aró rí mọ̀ pé bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i díẹ̀, á wá di búlúù lójú rẹ. Ìyẹn gan-an ni sáyẹ́ǹsì. Bàtànì tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ fà sí i kí wọ́n tó rì í, ìyẹn ni iṣẹ́ ọnà. Iye ọ̀pá aṣọ tó máa gba iye èlú kan, ìyẹn ni ìṣirò. Ìyá àgbà kò pè é ní STEAM, ó kàn ń pa aṣọ láró, ó ń tà á, ó sì fi ń rán ọmọ níléèwé.

Ẹni tó mú iṣẹ́ yìí gba ọ̀nà ọ̀fẹ́ ni Ìyá Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé, ọmọ Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ àgbà ló ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ, kì í ṣe yunifásítì. Ní ọdún 1983, ó dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ, aṣọ híhun, àwòrán yíyà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ láì gba owó lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó ní ilé àwòrán ńlá kan ní Lẹ́kí níhìn-ín. Yunifásítì òkè òkun ti ránṣẹ́ pè é kó wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn.

Òṣogbo kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀. Ní 1962, Dúró Ládipọ̀ onítíátà, pẹ̀lú òyìnbó kan tó ń jẹ́ Ulli Beier, ṣí ibi kan tí wọ́n pè ní Mbari. Èdè Ìbò ni orúkọ náà. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n yí i sí tiwa, wọ́n ní "Ḿbá rí i, ḿbá yọ̀." Bó ṣe di Mbari Mbayo nìyẹn. Láàrin 1962 sí 1964, wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá fọwọ́ kan ọ̀dà. Àwọn tó wá kì í ṣe ọmọ olówó. Ọ̀kan nínú wọn, Jímọ̀ Bùráímọ̀, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe fún tíátà Dúró Ládipọ̀. Òun ló wá di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ àwòrán onílẹ̀kẹ̀. Èkejì, Twins Seven-Seven, ijó ló ń jó fún àwọn tó ń kiri oògùn lójú ọjà. Ẹ̀yin náà mọ irú wọn, àwọn tó máa ń gbé mẹgafóònù dí wa létí títí dòní. Oníjó oògùn yìí ló gba oyè lọ́dọ̀ àjọ UNESCO ní 2005, kó tó kú ní 2011. A kò sọ pé gbogbo oníjó oògùn ló máa rí bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí à ń sọ ni pé kò sí ẹni tó mọ̀ nígbà tó ń jó.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sílé.

Bí o bá dárúkọ Bàrígà fún ará Èkó, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ìjà. A kò ní purọ́, ìgbà mìíràn wà tí a máa ń palẹ̀ ọjà mọ́ ní ọ̀sán gangan nítorí àwọn ọmọ tí a mọ ìyá wọn. Ṣùgbọ́n Bàrígà yìí náà ni Ṣẹ́gun Adéfila dá ẹgbẹ́ Crown Troupe of Africa sílẹ̀ sí ní 1996. Eré wọn máa ń pa ijó, ìlù, orin àti ọ̀rọ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ tó ń dun mẹ̀kúnnù ni wọ́n sì máa ń fi ṣe. Àwọn ọmọ àdúgbò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ti ọwọ́ wọn di òṣèré. Ní 2005, Ṣeun Awóbajò dá Footprints of David sílẹ̀, ní Bàrígà níhìn-ín kan náà, fún àwọn ọmọdé. Ijó, ìlù àti eré orí ìtàgé ni wọ́n ń kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ni wọ́n máa ń ṣe ayẹyẹ ojú títì tí wọ́n pè ní Slum Party. Àwa kò fẹ́ràn orúkọ yẹn, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n máa pe ilé òun ní slum. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ bá jáde sójú títì pẹ̀lú ìlù, tí àwọn ará ibòmíràn wọ mọ́tò wá wò wọ́n, tí wọ́n ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ẹran súyà lọ́wọ́ wa, a kì í bá orúkọ jà lọ́jọ́ náà.

Ẹ tún wo ibi tí a wà. Iléèwé CMS Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, tó jẹ́ àgbà gbogbo iléèwé gíga ní Nàìjíríà, Bàrígà ló wà. Yunifásítì Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, Akọkà ló wà, ẹsẹ̀ lásán la fi ń rìn débẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń ta omi inú ọ̀rá àti pọ́fù-pọ́fù lẹ́nu géètì rẹ̀ lójoojúmọ́. Mélòó nínú wọn ló ti wọ inú rẹ̀ lọ jókòó? Yábàá tí a ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ṣí CcHub sí ní 2011 fún àwọn ọ̀dọ́ oníkọ̀ǹpútà, tí Mark Zuckerberg tó ni Facebook fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ní 2016. Ó ti Amẹ́ríkà wá sí Yábàá. Ọmọ Ìlàjẹ ní etí omi Bàrígà kò tíì dé ibẹ̀. Kì í ṣe ọ̀nà ló jìn. Kò sí ẹni tó mú un lọ́wọ́ lọ ni.

Èyí tó wọ ìyá ẹlẹ́ja wa létí jù ni ọ̀rọ̀ Mákòkó. Arábìnrin kan tó ń jẹ́ Abísóyè Àjàyí-Akínfọlárìn ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ àti ti àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, láti 2012. Ní 2018, ilé iṣẹ́ CNN yàn án mọ́ àwọn akọni mẹ́wàá fún ọdún náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kọ́, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ apẹja, jókòó ó ro ó pé: àwọn apẹja ń pa ẹja, àwọn tó ń rà á ní ọ̀nà jíjìn kò mọ̀ wọ́n, àwọn alágbàtà ló ń jèrè láàrin. Ló bá ṣe ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní Makoko Fresh, kí àwọn oníbàárà lè máa ra ẹja tààrà lọ́wọ́ apẹja. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí CNN sọ ìtàn rẹ̀. Nígbà tí a ka èyí fún ìyá ẹlẹ́ja, ó dákẹ́. Ó ní, "Alágbàtà tí wọ́n ń wí yẹn, ṣé kì í ṣe èmi ni?" Òótọ́ ló sọ, a kò lè jiyàn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọmọ tirẹ̀ náà mọ̀ ọ́n, kí wọ́n má bàa fi ẹ̀rọ gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ láìmọ̀.

Ní Ìkòròdú, Túndé Ọnàkọ̀yà kọ́ ayò tí òyìnbó ń pè ní chess nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìyá rẹ̀ kò lówó iléèwé. Ìyá náà lọ bá àwọn oníléèwé, ó ní òun á máa gbálẹ̀ fún wọn, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ òun jókòó ní kíláàsì. Ní 2018, ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ Màjídùn ní ayò yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì gbé e dé Mákòkó àti abẹ́ afárá Òṣòdì. Ní oṣù April 2024, ó jókòó ní ìgboro New York, ó ta ayò náà fún 60 wákàtí láti fi wá owó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e. Èwo nínú wọn ló sọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ ìyá rẹ̀ tó bí ó ṣe sọ ti 60 wákàtí? Àwa la mọ ohun tí ìgbálẹ̀ yẹn jẹ́.

Ní Ajáǹgbádì, Daniel Àjàlá fi íntánẹ́ẹ̀tì àti ìwé kọ́ ara rẹ̀ ní ijó ballet, ó sì ṣí ibi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2017. Ní 2020, wọ́n ya fídíò ọmọkùnrin ọdún 11 kan níbẹ̀ tó ń jó nínú òjò láì wọ bàtà. Àwọn tó wò ó káàkiri ayé kò lóǹkà. Ọmọ náà ti wá wọ iléèwé ijó ní Birmingham, England. Nígbà tí a sọ èyí nípàdé, bàbá ọlọ́jà kan tó wá san owó ṣọ́ọ̀bù ní, "Ọkùnrin? Ballet?" A dá a lóhùn pé kó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà bóyá ó ń kábàámọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ apá kejì, torí àwa kì í ta ọjà tí a kò yẹ abẹ́ rẹ̀ wò.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ní ọ̀fẹ́ ni ọ̀fẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn kan wá sí àdúgbò wa pẹ̀lú ẹ̀wù fúnfun àti kámẹ́rà. Wọ́n kó àwọn ọmọ jọ, wọ́n pín bisikíìtì àti ìwé kíkọ, wọ́n ní kí àwọn ọmọ gbé ìwé náà sókè, wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tó dáa, wọ́n jókòó sójú àgbàlá láti aago méjì títí ilẹ̀ fi ṣú. A kò rí wọn mọ́. A kò mọ ibi tí fọ́tò àwọn ọmọ wa wà lónìí, tàbí owó tí wọ́n fi gbà. Àwọn mìíràn á ní ọ̀fẹ́ ni, lẹ́yìn oṣù kan wọ́n á ní kí o ra yúnífọ́ọ̀mù, lẹ́yìn náà owó fọ́ọ̀mù, lẹ́yìn náà owó ìrìn-àjò. Ọmọbìnrin wa, ó di dandan kí a mọ ẹni tó ń kọ́ ọ, kí a mọ ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, bóyá obìnrin àgbà wà níbẹ̀, àti aago tí wọ́n ń jáde. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti béèrè. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ rere lọ́wọ́ kì í sá fún ìbéèrè ìyá ọlọ́mọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìyá ẹlẹ́ja wa bá lọ́jọ́ náà, nígbà tí a lọ bá wọn, wọ́n gbé àga fún wa, wọ́n mú ìwé orúkọ jáde, wọ́n fi ibi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà àwọn òbí sí hàn wá. Ibi tí nọ́ńbà ìyá ẹlẹ́ja yẹ kó wà, òfìfo ni. Ọmọ ló ní ìyá òun kò ní fóònù! Fóònù méjì ló ní.

Ìbéèrè ìyá wa kò tíì kúrò nílẹ̀: ta ló ń san án?

Èrò tiwa nìyí. Kò sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kankan tí ẹnì kan kò san owó rẹ̀ níbì kan. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n bu owó lé owó-orí láti fi ṣe é. Ṣómólú àti Bàrígà wà lábẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà, a kò tíì sí lábẹ́ Èkó. Àwọn èèyàn bínú, wọ́n fa ìbínú náà dé inú àpótí ìbò, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fìdí rẹmi ní Ìwọ̀ Oòrùn nínú ìbò àpapọ̀ 1954. Kò dá a dúró. Ní January 1955, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iléèwé. Àwọn ọmọ tó wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954 lé díẹ̀ ní 450,000. Lọ́dún kan ṣoṣo, wọ́n ti ju 800,000 lọ. Àwọn bàbá wa ló san án, wọ́n fi owó san án, wọ́n tún fi ọwọ́ tí kò sí lóko mọ́ san án.

Àwa tí a wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Jákàńdè di gómìnà ní October 1979 rántí. Àwa kan ń lọ láàárọ̀, àwa kan ń lọ lọ́sàn-án, torí kíláàsì kò tó. Ọmọ tó ń lọ lọ́sàn-án á kọ́kọ́ kiri ọjà láàárọ̀, kó tó dé kíláàsì oorun ti ń kùn ún. Jákàńdè fòpin sí i, ó kọ́ kíláàsì káàkiri. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ilé adìẹ ni. Nínú ilé adìẹ yẹn la ti kọ́ A B D tí a fi ń kọ ìwé tí ẹ ń kà yìí. Ìwé mẹ́fà náà la kà mọ, ẹnu rẹ̀ náà la sì ń jẹ. Ìyá tó bí wa pàdánù ọwọ́ tó ń bá a kiri. Kò sí ẹni tó kọ ìyẹn sínú ìwé ìjọba kankan.

Kódà àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta náà mọ̀ ọ́n. Ní nǹkan bí 1944, obìnrin ọlọ́jà kan ni wọ́n mú wá sọ́dọ̀ Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti pé ó fẹ́ mọ ìwé kà. Láti ibẹ̀ ni kíláàsì àwọn ọlọ́jà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1946, ẹgbẹ́ tó ń ṣe kíláàsì náà di Abẹ́òkúta Women's Union, àwọn ni wọ́n dojú kọ owó-orí àwọn obìnrin títí Aláké fi kúrò lórí oyè fúngbà díẹ̀ ní 1949. Láti orí ìwé kíkà ni wọ́n ti gbéra.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá ẹlẹ́ja ní ta ló ń bá òun họ ẹja, kò ṣe àìmọ̀kan. Owó tòun ló ń sọ. Yìnyín ń yọ́, ẹja ń rọ̀, oníbàárà tó dúró títí á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ní ọ̀fẹ́ ni kò tíì dúró nídìí àtẹ ẹja ní aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé.

A padà sípàdé pẹ̀lú gbogbo èyí. A pe àwọn ọ̀dọ́ náà, méjì nínú wọn wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ dáadáa. A bi wọ́n bóyá wọ́n lè gbé kíláàsì kúrò ní Sátidé. Wọ́n ní Sọ́ńdè ńkọ́? Àwọn tí ọmọ wọn wà ní kóòsì ní rárá. Àwọn Mùsùlùmí ní àárọ̀ Sátidé àti Sọ́ńdè, ilé kéwú ni. Ọjọ́ Thursday lálẹ́, ó ku iná. Jẹnẹrétọ̀ wọn ń jẹ epo, owó epo kò sì sí. Níkẹyìn a fẹnu kò sí ibi kan: àwọn ọmọ aláta, ẹlẹ́ja àti ẹlẹ́fọ̀ọ́, tí ọjà tiwọn kì í dúró, á máa lọ ní aago méjì sí mẹ́rin, kí wọ́n padà kí ọjà tó gbóná. Àwọn yòókù á lọ ní mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹgbẹ́ á máa fún wọn ní owó epo lítà mélòó kan lóṣù nínú àpò ìrànwọ́. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá lọ, ẹni tó wà ní àtẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á bá a ṣọ́ ọjà. Ìyẹn kì í ṣe òfin, ó kàn jẹ́ ohun tí a jọ sọ ni. Àwọn mẹ́rin kò gbà títí ìpàdé fi tú, ọ̀kan nínú wọn ní kí a kọ orúkọ òun sílẹ̀ pé òun kò gbà. A ti kọ ọ́.

Ìyá ẹlẹ́ja ní òun á fún un ní oṣù mẹ́ta.

Oṣù kejì ló wà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ rẹ̀ wá bá a pẹ̀lú ìwé kan. Wọ́n ti kọ́ wọn bí a ṣe ń to orúkọ àti owó sínú kọ̀ǹpútà kó lè máa ròó pọ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ náà kó gbogbo gbèsè tí ìyá rẹ̀ ń kọ sára páálí yìnyín àti sára ògiri, ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ: orúkọ, irú ẹja, iye, ọjọ́ tó rà á. Ó lọ tẹ̀ ẹ́ síta lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn atẹ̀wé wa ní Ṣómólú, wọn kò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá kò mọ̀ pé owó tó wà níta tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìwé náà wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ní kí akọ̀wé bá òun kà á sókè.

A bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tí a dé orúkọ kẹfà, a dákẹ́, torí orúkọ akọ̀wé ló wà níbẹ̀: ẹja ṣáwá méjì, láti oṣù tó kọjá. A ti san án kí ìwé yìí tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.